Kádíbọ́ọ̀dù Kì í Sọ Faransé

   

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ọmọ yín tó ti wọ aṣọ oorun ṣàdédé yọ láti inú yàrá, ó ní, "Dádì, tíṣà Faransé wa ní ká mú pírójẹ́ẹ̀tì wá lọ́la o." Ìgbà wo ni wọ́n ti sọ fún un? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ó ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ẹ ó wá ìsọ̀ tí wọn kò tíì tì kiri, ẹ ó ra kádíbọ́ọ̀dù kan àti gọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ àwòrán yà ni yóò ya ilé gogoro Eiffel ti ìlú Paris sí i. Ìyá rẹ̀ ni yóò gé bébà aláwọ̀ mẹ́ta lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ gba 18 nínú 20. Wọ́n gbé kádíbọ́ọ̀dù kọ́ ara ògiri kíláàsì, inú gbogbo ilé sì dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wá bi ọmọ náà léèrè pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń béèrè iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì lédè Faransé?" Ọmọ á wo ilẹ̀, á wo àjà. Sísọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́, gọ́ọ̀mù ti ṣiṣẹ́, owó bàbá pàápàá ti ṣiṣẹ́. Ẹnu nìkan ni kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mo bá wá lálẹ́ òní nìyẹn. Pírójẹ́ẹ̀tì lè la ọmọ lẹ́nu nínú èdè àjèjì, ó sì tún lè jẹ́ ibi tí ẹnu ọmọ yóò sá pamọ́ sí. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń ṣe èkíní, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń ṣe èkejì. Faransé ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ ara mi sùn.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo mọ Faransé bí ẹní mowó. Ẹ jí mi lóru, ẹ ní kí n ka ọ̀rọ̀ ìṣe être fún yín: je suis, tu es, il est. N kò ní ṣi ẹyọ kan. Ọdún kẹfà tí mo ti ń kọ́ ọ ni mo tó kọ́kọ́ dé Kùtọnu. Mo wọ ọjà Dantokpa, mo fẹ́ ra bàtà. Mo nawọ́ sí ọ̀kan, ìyá oníbàtà sì ní, "Mille huit cents." Ẹgbẹ̀sán sẹ́fà ló ń wí. "Mille" yẹn mo gbọ́. Èyí tó kù kọjá létí mi bí ọkọ̀ èrò tó ti kún. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ná an. Mo wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi ná an títí nínú orí mi, être nìkan ni mò ń bá pàdé níbẹ̀. Òógùn bò mí. Ìyá náà yíjú sí aládùúgbò rẹ̀, ó sì fi Yorùbá tó mọ́ gaara sọ pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Àbí kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, mo ń sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "O ò sì tètè wí!" Ó bá mi bu igba kúrò nínú rẹ̀, ó tún ṣàdúrà fún mi lé e. Mo rí bàtà rà, ṣùgbọ́n ojú tì mí délé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà àti ẹ̀bùn ọmọ tó mọ Faransé jù lọ ní kíláàsì, èdè ìyá mi ló tún wá yọ mí lóko ẹ̀tẹ́.

Ẹ má jẹ́ ká máa ṣe bí ẹni pé Faransé jìnnà sí wa. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Cameroon. Kò sí èyí tí Faransé kò ti ta gbòǹgbò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó wà ní Kétu, ní Sákẹ́tẹ́, ní Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Ìjọba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní Àjárá, ní Àgbádárìgì, nígbà tí owó tí wọ́n fi ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilẹ̀ Faransé, Senegal àti Togo ti di ẹrù tí apá kò ká mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha tó ń ṣèjọba nígbà náà kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó di 1998, ọ̀rọ̀ náà wọnú ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ wa.

Àṣẹ ti wà, abúlé ti wà. Kí ló wá dé tí ẹnu ṣì wúwo?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún Faransé, tí ọmọ 50 sì jókòó sí kíláàsì. Bí tíṣà bá ya odi lọ́jọ́ náà, tí kò la ẹnu rẹ̀ rárá, tí gbogbo àkókò di ti àwọn ọmọ, ìṣẹ́jú àáyá 48 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé kí gbogbo wọn dákẹ́ fún ọ̀kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀. Tíṣà kì í sì í ya odi. Òun ló ń sọ̀rọ̀ jù. Àwọn ọmọ á kàn gbe ohùn papọ̀, wọ́n á máa pariwo "nous sommes, vous êtes" bí ìgbà tí èrò ìjọ ń ṣe àmín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa mi ètè láàárín wọn.

Àwọn ará Kánádà ti rí irú rẹ̀ rí, lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 1965, ní Saint-Lambert, ìlú kan lẹ́bàá Montreal, àwọn òbí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ àwọn láti kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Ètò náà tàn ká Kánádà. Ìṣirò o, ìtàn o, gbogbo rẹ̀ di Faransé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ Faransé, wọ́n sì ń kà á débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọmọ onílé dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, àléébù á yọ gọ̀ǹgọ̀. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Merrill Swain ṣe ìwádìí lórí wọn, ó sì kọ ohun tó rí síta ní 1985. Ó ní gbígbọ́ nìkan kò tó. Àfi kí nǹkan kan ti ọmọ débi tí yóò fi ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí i ni yóò tó mọ ohun tí kò sí lápò òun.

Èmi rí tèmi ní Dantokpa. N kò mọ̀ pé àpò mi ṣófo títí mo fi tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ onípírójẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, William Heard Kilpatrick, tó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ John Dewey, ló kọ àròkọ kan ní 1918 tó sọ ọ̀nà ìkọ́ni yìí di mímọ̀ káàkiri. Kókó rẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ́ nǹkan nípa iṣẹ́ tó nídìí, tó sì fi tọkàntọkàn ṣe. Bí àwọn bàbá wa bá gbọ́, wọ́n á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn?" Ọ̀gá télọ̀ kì í fi ọdún mẹ́fà ka orúkọ ẹ̀yà ara máṣíìnì fún ọmọ iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dé ló ti ń já òwú, ló ti ń ṣa bọ́tìnnì. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n á gbé etí aṣọ fún un ká. Aṣọ oníbàárà ni, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ti sún mọ́lé. Bó bá bà á jẹ́, ẹnì kan wà tí yóò bínú. Bó bá dára, ẹnì kan wà tí yóò wọ̀ ọ́ jó.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ìsọ̀ télọ̀ yẹn tí kò sí lára kádíbọ́ọ̀dù wa: iṣẹ́ tó nídìí, ọjọ́ tí kò ṣe é yẹ̀, àti ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ náà. Bó bá wá jẹ́ èdè la ń kọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kẹrin kún un: kí ọ̀nà tí iṣẹ́ náà yóò gbà parí má yà kúrò lẹ́nu ọmọ.

N ó sọ ọ̀kan tí ojú mi ṣe fún yín.

Ọdún kan, mò ń kọ́ni nílé ìwé kan lágbègbè Àgbádárìgì. Ọmọ 42 ló wà ní JSS 3 tí mo mú. Mo wọlé lọ́jọ́ Ajé kan, mo ní, "Lọ́sẹ̀ kẹfà sí òní, àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin lẹ ó fi Faransé nìkan mú wọn yí ìlú yìí ká, kò sì sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Monsieur, ṣé ẹ ò ní tẹ̀ lé wa ni?" Mo ní n ó tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n n ó ti di odi lọ́jọ́ náà.

A pín wọn sí ọ̀nà méje, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀wọ́ kan yóò kí àlejò káàbọ̀. Ọ̀wọ́ kan ló ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Ọ̀wọ́ kan ló ni ibi tí igi Àgíà wà nígbà kan rí, níbi tí wọ́n ti wàásù ìyìn rere ní 1842. Ọ̀wọ́ kan gba ilé tí Seriki Williams Abass ń kó ẹrú sí, ọkùnrin tí wọ́n mú lẹ́rú lọ́mọdé, tí òun náà padà wá di olówò ẹrú. Ọ̀wọ́ kan gba etí omi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú gorí ọkọ̀ lọ sí Gbẹ́rẹ̀fú. Ọ̀wọ́ kan gba oúnjẹ, ẹja àti àgbọn. Èyí tó kẹ́yìn ni yóò sin àlejò sọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Faransé kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n lọ bá àwọn àgbà, wọ́n fi Ègùn àti Yorùbá gbọ́ ìtàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: èdè ilé ẹni kì í ṣe ọ̀tá Faransé. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú kò lè ní i lẹ́nu, èdè yòówù kó jẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n kò rò. Ó ti tó sáà kan tí mo ti ń kọ́ wọn ní bí Faransé ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá, tí wọ́n ń pè ní passé composé. Oorun ni wọ́n ń fi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yìí, àwọn ọlọ́wọ̀ọ́ ilé alájà fúnra wọn ló wá bá mi níbi tí mo ti ń jẹun: "Monsieur, báwo la ṣe ń sọ pé 'wọ́n kọ́ ọ ní 1845'?" Mo ní, "On l'a construite en mille huit cent quarante-cinq." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n kọ ọ́ sọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni o, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ ti ń pa wọ́n báyìí. Mo sì rẹ́rìn-ín sínú, nítorí "mille huit cents" tó là mí lóòógùn ní Dantokpa ló tún wá mi wá sí Àgbádárìgì.

Nọ́ńbà dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́wọ̀ọ́ oúnjẹ, nítorí wọ́n ní láti sọ iye tí àgbọn jẹ́ ní náírà àti ní sẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé orí 80, wọ́n ní Faransé ti ya wèrè. Quatre-vingts ni wọ́n ń pè é: ogún mẹ́rin. Mo bi wọ́n pé, "Kí ni Yorùbá ń pe 80?" Wọ́n ní ọgọ́rin. "Kí ló wà nínú ọgọ́rin?" Ọ̀kan nínú wọn fò sókè: "Ogún mẹ́rin!" Láti ọjọ́ yẹn, quatre-vingts di ọmọ ìyá ọgọ́rin. Nígbà tí wọ́n dé 70 ni ọ̀nà wọn pín: àwa ń yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin, àwọn Faransé ń fi mẹ́wàá lé ọgọ́ta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni vous. Ẹni tó ti orí Gẹ̀ẹ́sì wọ Faransé a máa ṣàárẹ̀ lórí tu àti vous, nítorí ẹyọ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọdé àti àgbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá pé ọ̀tọ̀ ni "o", ọ̀tọ̀ ni "ẹ"? Mo kàn ní, "Ẹni tẹ́ ẹ bá máa dọ̀bálẹ̀ fún tàbí kúnlẹ̀ kí, vous ni." Ẹ̀kọ́ náà parí láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ibi tí wọ́n ti jìyà ni il àti elle, nítorí "ó" tiwa kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, Faransé sì sọ àga àti tábìlì pàápàá di obìnrin.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, ìdánrawò ni. A fi ìlànà mẹ́ta lélẹ̀. Àkọ́kọ́, ìbò la ó dì lọ́jọ́ náà láti mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i, nínú gbogbo pírójẹ́ẹ̀tì, ọmọ kan máa ń wà tó mọ̀ ọ́n sọ, àwọn márùn-ún yòókù á fi í ṣe ẹnu. Ìbò ló wo àìsàn yẹn sàn: ọmọ tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé bí ìbò bá mú wọn, ojú gbogbo wọn ni yóò tì. Èkejì, bí ọ̀wọ́ kan bá ń dánra wò, àwọn yòókù ni àlejò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, a máa ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò sì gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ọmọ tí mo ti ń sọ fún láti JSS 1 pé v kì í ṣe f gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún un ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi gbọ́ ti ìlànà kejì yẹn dáadáa. Ìwé ìlànà tí Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde lórí èdè ní 2001, èyí tó pín ìmọ̀ èdè sí ipele mẹ́fà láti A1 dé C2, kò ka ọ̀rọ̀ sísọ sí nǹkan kan ṣoṣo. Ọ̀tọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ àdásọ sí, ọ̀tọ̀ ló fi ìtàkùrọ̀sọ sí. Ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí lè ṣe àdásọ kó gba àtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè kan péré, ó di igi. Ìdánwò DELF ti àwọn Faransé mọ èyí. Máàkì 25 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ sísọ ní níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì gba tó 5 nínú 25 yẹn ti fìdí rẹmi, bó ti wù kí ìwé kíkọ rẹ̀ dára tó. Ní ipele A1 pàápàá, wọ́n á ní kó ṣe bí ẹni ń rajà lọ́wọ́ olùdánwò.

Ọjọ́ pé, àlejò dé. Ìbò mú ọmọbìnrin kan níbi ilé ẹrú. Ọmọ yìí, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ ọ tí n kò gbọ́ ju "présent" lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo bá ń pe orúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sọ ohun tí wọ́n ti dánra wò, ó parí rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Àfi bí obìnrin kan láàárín àlejò ṣe ní, "Et les enfants?" Àwọn ọmọdé wá ńkọ́?

Ìyẹn kò sí nínú ìdánrawò wa. Ọmọ náà dákẹ́. Ẹnu ń yún mi, mo fẹ́ gbà á sílẹ̀, mo fi eyín tẹ ètè. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀wọ̀n irin tó wà níbẹ̀. Ó wá ní, "Les enfants aussi. Les enfants petits, petits." Ó nawọ́ sí ilẹ̀: "La maman, ici." Ó nawọ́ sí òdìkejì omi: "L'enfant, là-bas." Ìyá níhìn-ín, ọmọ lọ́hùn-ún.

Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo nínú gbogbo gbólóhùn yẹn. Bó bá jẹ́ orí ìwé ni, pẹ́ńsù pupa mi ì bá ti jẹ ẹ́ run. "Petits, petits" yẹn, Yorùbá ni, "kékeré, kékeré" ló gbé aṣọ Faransé wọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbọ́ ọ yé. Kò béèrè ohun mìíràn mọ́. Ó kàn fa ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n sì jọ rìn lọ sétí omi.

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè. Ó ní, "Monsieur, báwo ló ṣe yẹ kí n sọ ọ́?" Mo kọ ọ́ sójú pátákó: On a séparé les enfants de leurs mères, wọ́n ya àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, nítorí ó ti dúró níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn kò sí, ó sì mọ bí àyè rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin o. Bí ọmọ bá wà nínú ọ̀wọ́, Yorùbá ni yóò fi ṣiṣẹ́, tí yóò wá fi Faransé bò ó lójú nígbà tí tíṣà bá ń kọjá. Ẹ má fi pàṣán lé e. Ohun tí mo rí pé ó ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ kọ gbólóhùn Faransé mẹ́wàá tí iṣẹ́ kò lè ṣe kó má nílò sí ara ògiri: "dúró ná", "ìwọ ló kàn", "tún un sọ", "kí ni wọ́n ń pe èyí?" Bí wọ́n ti ń lò ó lójoojúmọ́, àwọn ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Àtúnṣe náà ní àkókò tirẹ̀. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ kọ àṣìṣe rẹ̀ sí ìwé kékeré kan, kí ẹ dúró di ìparí, kí ẹ sì tún mẹ́ta péré ṣe nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í mọ iyán ewùrà gún kó má lẹ́mọ. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ èdè àjèjì tí kò ní kókó nínú níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bá ń fi kókó ṣe yẹ̀yẹ́ á kàn yọwọ́ nínú odó ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni pírójẹ́ẹ̀tì kò ní kí a sọ ìwé gírámà sínú iná. Ẹ ṣe àkíyèsí pé èmi náà kọ passé composé sójú pátákó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti béèrè rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Pírójẹ́ẹ̀tì kan péré ní sáà kan ti tó, bí a bá ṣe é dé ìdí.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀yin wà létí ẹnubodè, àwa tó wà ní Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì ńkọ́?" Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ní Benin, wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé gírámà wọn, ẹnu àwọn ọmọ wọn náà sì wúwo nínú Gẹ̀ẹ́sì bí tiwa ṣe wúwo nínú Faransé. Bí tíṣà kan níhìn-ín bá bá tíṣà kan ní Kétu mulẹ̀, kí àwọn ọmọ máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp: tiwa á fi Faransé sọ bí a ṣe ń se ẹ̀bà, tiwọn á fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí kò yé wọn. Ewu kan ló wà níbẹ̀: gbàrà tí wọ́n bá mọ̀ pé Yorùbá ni ara wọn, ọ̀rọ̀ di "ẹ̀gbọ́n, báwo ni?" Kí tíṣà yáa wà lójúfò. Bí fóònù kò bá sí, ẹ sọ kíláàsì di ilé iṣẹ́ rédíò fún ìdajì wákàtí: ọ̀kan á ka bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ọ̀kan á sọ iye tí gàrí jẹ́ lọ́jà, ọ̀kan á fọ̀rọ̀ wá ọ̀gá ilé ìwé lẹ́nu wò, ẹnì kan á sì túmọ̀ fún un. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ ò sì ní ra gọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni n ó parí sí. Nígbà tí ọmọ bá tún jáde láago mẹ́sàn-án alẹ́ pé òun fẹ́ kádíbọ́ọ̀dù, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Ta ni yóò gbọ́ ọ, kí sì ni ìwọ yóò sọ fún un?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní sùúrù, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà. Lálẹ́ òní gan-an, ẹ gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, kí ẹ ní kó ṣe òǹtàjà, kí ẹ sì ná an títí yóò fi rojọ́. Bó ti wù kó ṣì í tó, ẹ rà á.

Kádíbọ́ọ̀dù ilé gogoro Eiffel tí mo gba 18 lé lórí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìyá oníbàtà ní Dantokpa, mo padà lọ bá a lọ́dún kejì. Mo kí i ní Faransé, mo béèrè iye, ó ní, "Mille huit cents." Mo ní, "Ah non, maman, c'est trop cher!" Ó ti wọ́n jù! Ó wò mí títí, ó dá mi mọ̀, ó sì pe aládùúgbò rẹ̀: "Ẹ wá wò ó, ó ti ń sọ̀rọ̀!"

Lọ́jọ́ yẹn, kò bá mi bu igba kankan kúrò.